Fernand Kọ Omi Àna

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Àìkú ni Fernand gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ dé iwájú ilé Ìyá Ìdíátù ní Gbégamey, ní Kútọnu. Láti Kétu ló ti ń bọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, Kétu, lórí kẹ̀kẹ́! Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀: ẹsẹ̀ kan gbà, ẹsẹ̀ kejì lóun ò lọ. Kẹ̀kẹ́ ṣubú lu ògiri, òun náà ṣubú tẹ̀lé e. Bó ṣe rí i pé Ìyá Ìdíátù ń wo òun láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yáa na ara tán, ó sọ ọ́ di ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá," ó wí. Iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi. Dìde."

"Ẹ jẹ́ n kí yín dáadáa."

"O ti kí mi. Dìde."

"Mo ṣì ń kí yín lọ́wọ́ ni, Màmá."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò lè dìde. Ìyá Ìdíátù ló fà á lápá, tó gbé e jókòó sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìdíátù yìí, aṣọ òkìrìkà ló ń tà ní ọjà Missèbo. Òun ni àbúrò bàbá Ràhmát, ọmọbìnrin tí Fernand fẹ́ fi ṣaya, òun ló tọ́ Ràhmát dàgbà ní Kútọnu, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìdáhùn wà. Ó ti sọ fún Fernand pé kó lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Kétu, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, kó fi ẹnu ara rẹ̀ wá jẹ́ ẹ fún òun, torí ọ̀rọ̀ ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ìgbà náà lòun máa tó sọ bóyá kó máa bọ̀ wá fẹ́ Ràhmát tàbí kó máa lọ. Ẹlòmíràn ì bá wọ mọ́tò. Fernand lóun ò wọ mọ́tò. Òun ni ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní Cadjèhoun, òun ló máa ń kọ́ àwọn yòókù bí èèyàn ṣe ń jẹ àti bó ṣe ń mu lójú ọ̀nà jíjìn.

Ìyá Ìdíátù wọlé, ó gbé omi tútù jáde nínú ife ńlá kan. Ó gbé e kan ẹnu, ó tọ́ ọ wò kí àlejò lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Omi rèé."

Fernand wo omi náà. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ kó wọnú ife. Ó gbé ojú kúrò.

"Ẹ ṣé, Màmá. Mo ti mu."

"Níbo?"

"Lójú ọ̀nà."

"Níbo lójú ọ̀nà?"

Fernand ronú. "Ní Ìpóbẹ̀."

"Ìpóbẹ̀ tó jìnnà réré! Fernand, ètè rẹ ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn."

"Bí ètè mi ṣe rí nìyẹn, Màmá."

"Funfun wo ló wà lójú rẹ yìí?"

"Iyọ̀ ni. Tí èèyàn bá ń làágùn lórí kẹ̀kẹ́, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù sára. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ará ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má dúró de òǹgbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì fi iyọ̀ tín-ín-tín àti ṣúgà sí i. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí òǹgbẹ gbẹ ẹ́, ó ti pẹ́."

"Ó dára. Mu omi."

"Rárá, Màmá. Ẹ ṣé."

Ẹ má bínú sí i, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọmọ Àgùdà ni Fernand, ará Àjàṣẹ́, Tàǹtí Zoé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ti fa etí rẹ̀: ilé àna tí kò bá tíì dáhùn, nǹkan kan ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀nà ọ̀fun rẹ níbẹ̀, títí kan omi. Tọ́ńtọ̀n Bertrand, ìbátan wọn kan, jẹ ẹ̀wà nílé àna kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n fún un ní ẹ̀wà, wọn ò fún un níyàwó. Di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Ọkọ Ẹ̀wà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nílé Ìyá Ìdíátù ẹ̀wẹ̀, àlejò tí kò bá gba omi, ó ní láti jẹ́ pé ìjà ló gbé wá, tàbí ìròyìn òkú.

Ìyá Ìdíátù gbé ife kalẹ̀ sórí àpótí tó wà láàárín wọn. Ó ká ọwọ́ lérí àyà.

"Ṣé ààwẹ̀ lo ń gbà ni?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹ̀yin ìjọ Páàdì, ṣé ẹ ò ní ààwẹ̀ kankan lóṣù yìí?"

"Kò sí."

"Ṣé o rò pé mo fi nǹkan sí i?"

"Ẹ ti tọ́ ọ wò, Màmá. Mo rí i bó ṣe ń lọ lọ́fun yín."

"Ṣé mo ti ṣẹ̀ ọ́ rí?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ lálejò ní Kétu?"

"Wọ́n tọ́jú mi gan-an. Wọ́n gún iyán. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́..." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi ẹran ìgbẹ́.

"Ó dùn?"

"Ó ń ta sánsán, Màmá."

"Mo ní ṣé ó dùn!"

"N ò jẹ ẹ́."

"Kí lo wá jẹ?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí mo mú láti ilé."

"Lálọ àti lábọ̀?"

"Mo dá a sí méjì."

Ìyá Ìdíátù fajú ro. Fernand rí i pé ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́, ó sì fẹ́ tún un ṣe.

"Màmá, ṣé ẹ̀rọ omi wà nílé kejì?"

"Ó wà. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ sáré lọ mu omi."

Ìyá Ìdíátù na ìka sí ife.

"Omi tèmi ńkọ́?"

"Tiyín dára púpọ̀, Màmá. Èmi ni n ò lè mu ún."

"Ti Ìyá Aurelie nílé kejì lo lè mu?"

"Tiwọn ò ṣe nǹkan kan."

"Tèmi ló ṣe nǹkan? Fernand, ọ̀pá omi kan náà ló gbé e wá! Ilé mi ló kọ́kọ́ dé kó tó dé tiwọn!"

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìdíátù fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Fernand. Wò mí lójú."

Fernand gbìyànjú. Ìyá Ìdíátù ti di méjì. Ó mú èyí tó wà lápá òsì, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Báwo lo ṣe fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n wà ní ìdùbúlẹ̀, Màmá."

"Ìdùbúlẹ̀ báwo?"

"Lórí ẹní. Wọ́n fi aṣọ bò wọ́n látòkè délẹ̀."

"Ta ló fi aṣọ bò wọ́n?"

"Ìyàwó wọn ni. Wọ́n ní nítorí eṣinṣin."

Ìyá Ìdíátù di orí mú. "Kí ni wọ́n sọ fún ọ gbẹ̀yìn?"

"Ìyẹn gan-an ni n ò rántí, Màmá. Ó dùn mí o."

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi o!" Ìyá Ìdíátù bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí! Ẹ fi mí sílẹ̀ fún ta?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ fara balẹ̀." Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

"Abájọ tó fi ń wò mí, tó lóun ò mu omi! Mo ti mọ̀! Mo ti mọ̀ látìgbà tó ṣubú!"

"Kí lẹ mọ̀, Màmá?"

"Pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú!"

Fernand gbé ọwọ́ lé orí. "Bàbá Ràhmát kú? Háà! Bàbá tó gún iyán fún mi!" Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n omijé ò jáde, kò sí èyí tó kù lára rẹ̀. Ó ń fi ojú gbígbẹ sunkún kíkorò. "Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Ìwọ!"

"Èmi? Ìgbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń hanrun!"

Ẹkún Ìyá Ìdíátù dá wọ́ọ́. "Wọ́n ń ṣe kí ni?"

"Wọ́n ń hanrun, Màmá. Wọ́n kírun àárọ̀ tán, wọ́n rán mi níṣẹ́, wọ́n sì padà sùn."

Ìyá Ìdíátù fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. Ó fun imú. Ó tún ìró ró.

"Fernand, o fẹ́ pa mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ ńkọ́?"

"Mo ní n ò rántí. Mo mọ̀ ọ́n títí mo fi kọjá Àjàṣẹ́. Ní Sẹ̀mẹ̀, afẹ́fẹ́ dojú kọ mí, omi inú ìgò mi ti tán, mo ní kí n dúró wá omi, mo tún ní kí ni mo ń dúró fún, ṣebí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti jábọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Màmá. Tí oúnjẹ àti omi bá tán lára ẹni lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, ọpọlọ á tẹ̀lé e. Mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn nínú ẹgbẹ́."

"Tó bá ti lọ, kí ló ń dá a padà?"

"Omi, iyọ̀ àti ṣúgà."

"Omi rèé."

"N ò lè mu ún."

"Kí ló dé!"

Ó di dandan kó sọ ọ́. "Ẹ ò tíì fún mi ní Ràhmát, Màmá. Nílé tiwa, ẹni tó bá ti jẹ, tó ti mu nílé àna kí wọ́n tó dáhùn, ó ti gba tiẹ̀ tán. Tàǹtí Zoé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìdíátù mí kanlẹ̀. Ara tù ú díẹ̀ pé kì í ṣe ìjà, kì í ṣe òkú.

"Tí mo bá fún ọ ní Ràhmát, wàá mu omi?"

"Títí dé ìdí ìkòkò."

"Ṣùgbọ́n n ò lè dáhùn láìgbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ."

"N ò sì lè rántí ohun tí wọ́n sọ láìmu omi."

"O ò sì lè mu omi láì..."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá."

Àwọn méjèèjì ń wo ife. Eṣinṣin kan wá bà sétí ife náà, ó mu tiẹ̀, ó fò lọ. Fernand fi ìlara wò ó títí ó fi kọjá ògiri.

"Tí mo bá rọ ọ́ sínú ìgò rẹ ńkọ́?" Ìyá Ìdíátù wí. "Omi tìrẹ nìyẹn."

"Omi yín tó wà nínú ìgò mi ni, Màmá."

"Tí mo bá gbójú kúrò?"

"Èmi á mọ̀."

"Tí mo bá dà á lé ọ lórí?"

Fernand ro ìyẹn dáadáa. "Orí kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ dà á."

Ìyá Ìdíátù dìde, ó da ife omi náà lé e lórí. Omi ṣàn wálẹ̀ níwájú orí, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú, ó dúró sórí ètè òkè, ó ń dán. Fernand pa ẹnu dé gbágbá.

"Fernand, lá ètè rẹ."

Fernand mi orí pé rárá.

"Kò sẹ́ni tó ń wò wá."

Fernand tún mi orí. Omi náà bọ́ sílẹ̀. Ó wo ibi tó bọ́ sí, iyanrìn ti mu ún.

Ìyá Ìdíátù lọ bu omi kún jọ́ọ̀gì wá. Nígbà tó máa fi padà dé, ọmọkùnrin náà ti yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ràhmát, o ti dé," ó ń sọ fún kẹ̀kẹ́.

"Ràhmát lọ síbi ìsọmọlórúkọ," Ìyá Ìdíátù wí. "Kẹ̀kẹ́ rẹ nìyẹn."

"O ti rù o, Ràhmát. Wo bí egungun ìhà rẹ ṣe yọ." Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan pa àwọn wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lára, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n ní kí n mu omi, n ò mu ún. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń fẹ́ràn èèyàn ni. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tutù níwájú mi, Ràhmát, òtútù ẹ̀ ń kàn mí lójú, ìwọ ni mo sì ń rò. Tí mo bá kú, sọ fún Tàǹtí Zoé pé n ò tọ́ nǹkan kan wò. Kí wọ́n má pè mí ní Ọkọ Omi."

Ó yọ́ kúrò lórí àga bí aṣọ tó já lókùn, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyá Ìdíátù, ẹni tí kì í yí ohùn padà lórí owó ṣòkòtò kan ní Missèbo, gbogbo ara rẹ̀ ló domi. Ó kúnlẹ̀ tì í. "Mo gbà! Fernand! Dìde o!"

Fernand la ojú kan. "Kí lẹ gbà?"

"Mo gbà kí o fẹ́ Ràhmát! Mu omi!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tàǹtí Zoé ní kẹ́ ẹ sọ ọ́, Màmá. Ó ku ẹyọ kan."

"Mo gbà! Mu ún kí n tó gbá ọ létí!"

Fernand dìde jókòó. Ó ta omi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá bó ṣe yẹ, ó sì yára débi pé ilẹ̀ rí nǹkan gidi mu. Ó wá gbé ife dé ẹnu. Ó mu ún. Ó na ife padà. Ó mu òmíràn. Ó tún na ife padà.

"Díẹ̀díẹ̀!" Ìyá Ìdíátù wí. "Ṣebí ìwọ lo ń kọ́ wọn."

"Wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, Màmá," Fernand wí, ó sì gbé jọ́ọ̀gì mọ́ ẹnu.

Ìyá Ìdíátù rẹ gàrí fún un, ó da ṣúgà sí i, ó bu iyọ̀ tín-ín-tín lé e, ó fọ́n ẹ̀pà sí i. Fernand jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, Ìyá Ìdíátù tó wà lápá ọ̀tún parẹ́. Nígbà tó fi lá abọ́ tán, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ kedere, ara rẹ̀ ti balẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ti ní ìyàwó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí abọ́ òfìfo.

Lójijì, ẹ̀rín náà dúró.

"O ti rántí," Ìyá Ìdíátù wí.

Fernand wo ilẹ̀. Ó ti rántí ni, látorí dé ìdí, bí ẹni pé bàbá ń sọ ọ́ létí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó lè sọ pé òun ò rántí mọ́, obìnrin yìí á sì gbà á gbọ́, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n bàbá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ẹní yẹn, wọ́n ní jẹ́ ẹ bí mo ṣe rán ọ, ọmọ mi. Inú bí Fernand sí ara rẹ̀ pé òun ò gbàgbé dáadáa.

"Mo rántí, Màmá."

"Sọ ọ́."

Fernand gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀. Ojúlówó ìdọ̀bálẹ̀ ni èyí.

"Wọ́n ní kí n kí yín."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ní ara wọn le."

"Mo ti sunkún wọn tán. Máa bá a lọ."

"Wọ́n ní, 'Sọ fún àbúrò mi pé mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ojú àánú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá ọ lóhùn títí èmi fúnra mi á fi dé Kútọnu lẹ́yìn ìkórè.'"

Ìyá Ìdíátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

"Ó tún kù?"

"Wọ́n ní, 'Ọmọ tó sùn sílé mi tí kò jẹ oúnjẹ mi, n ò tíì mọ irú èèyàn tó jẹ́. Bó bá tilẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀, kó má dáhùn.'"

Ọ̀kadà zẹ̀míjàn kan kọjá lójú ọ̀nà, ariwo rẹ̀ lọ títí ó fi tán. Ìyá Ìdíátù wo ife. Ó wo jọ́ọ̀gì. Ó wo abọ́ gàrí tí wọ́n lá mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé kẹ̀kẹ́ dúró, ó gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó wá tì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ Fernand tó ṣì dọ̀bálẹ̀.

"O jẹ́ iṣẹ́ rẹ dáadáa," ó wí. "Ohun tí mo sọ, mo ti sọ ọ́, o sì ti mu omi sí i. Sùn síbí lónìí. Tó bá di ìdájí ọ̀la, wàá gun nǹkan rẹ yìí padà lọ sí Kétu, wàá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti dáhùn."

"Màmá! Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan. Tí o bá sì dé ọ̀hún, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ, jẹ ẹ́ tán kí o tó la ẹnu. Tí o bá ti lè sọ ọ́ tán, wọn ò ní fún ọ ní omi."